Ìrànlọ́wọ́ fún Àwọn Tí Ogun Lé Kúrò Nílé ní Ààlà Borno: Kí Ni Ìpín Tiwa?

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa

  

Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ni ó yàn mí pé kí n sọ̀rọ̀ lórí àbá kan tí ó wà níwájú ìpàdé yìí. Àbá náà kò gùn: pé kí ẹgbẹ́ wa yọ ìdá kan nínú ogún owó ìdáwó ọdún yìí, kí a fi ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní ìhà ààlà Borno lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé àbá yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ẹ̀ka gbogbo. Àwọn kan ní òrùlé ilé ìwòsàn wa ṣì ń jò. Àwọn kan ní Borno jìnnà sí wa ju Accra lọ. Èmi kò wá síhìn-ín láti gan ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí pé ìfẹ́ ìlú ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni kí ó la ọ̀rọ̀ yé ọmọ kí ó tó bi í ní ìbéèrè. Ohun tí mo fẹ́ ṣe náà nìyẹn, kí olúkúlùkù lè fi ojú tí ó ríran dìbò.

BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní igun àríwá ìlà-oòrùn rẹ̀ pátápátá ni Ìpínlẹ̀ Borno wà. Òun nìkan ni ìpínlẹ̀ tí ó bá orílẹ̀-èdè mẹ́ta pààlà: Niger ní àríwá, Chad níbi adágún ńlá tí à ń pè ní Adágún Chad, àti Kamẹrúùnù ní ìlà-oòrùn. Kí wàhálà tó dé, ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ òṣì. Púpọ̀ nínú ẹja gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń rà lọ́jà ni ó ti Baga wá, létí adágún náà. Àwọn Kanuri, Shuwa, Fulani, Marghi àti ẹ̀yà mìíràn ni ó ń gbé ibẹ̀, wọn a sì máa ná ọjà ara wọn láìka ààlà sí.

Ní oṣù keje ọdún 2009 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Maiduguri láàrin àwọn agbófinró àti ẹgbẹ́ tí ayé mọ̀ sí Boko Haram. Wọ́n pa olórí ẹgbẹ́ náà, Mohammed Yusuf, ní àtìmọ́lé. Ṣùgbọ́n iná náà kò kú. Ní 2014 ó ti di ogun gidi. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún náà wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní ilé ẹ̀kọ́ Chibok. Ní oṣù kẹjọ wọ́n gba Gwoza. Ní oṣù kẹsàn-án wọ́n gba Bama. Nígbà tí ó sì di oṣù kìn-ín-ní 2015, wọ́n dáná sun Baga. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 ènìyàn tí ó fi ilé sílẹ̀ ní ìhà náà. Àwọn tí ó sọdá ààlà nínú wọn lé ní 200,000: àwọn kan lọ sí Minawao ní Kamẹrúùnù, àwọn kan sí agbègbè Diffa ní Niger, àwọn kan sí Baga Sola ní Chad.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Púpọ̀ jù nínú àwọn tí ó sá wọ Maiduguri kò sùn ní àgọ́ ìjọba rárá. Ilé àwọn ènìyàn bí tiwa ni wọ́n wọ̀: ilé ẹ̀gbọ́n, ilé àna, ilé ẹni tí wọ́n jọ ń ná ọjà nígbà kan rí. Yàrá ẹnìkan di ti ìdílé méjì, mẹ́ta. Kí ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ tó dé láti ibikíbi, àwọn tálákà ìlú ni ó ti kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún tálákà tí ogun lé dé.

OHUN TÍ ÀÀLÀ FI MÚ UN LE

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ibi tí àìní ti pọ̀ jù ni ìrànlọ́wọ́ ti ń ṣòro í dé jù. Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Rann ni orúkọ rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kala-Balge, nítòsí ààlà Kamẹrúùnù. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, omi a yí ìlú náà ká, ọkọ̀ akẹ́rù a sì kọ̀ láti wọ̀ ọ́ fún oṣù púpọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 2017, nígbà tí àwọn tí ogun lé péjọ ní Rann fún oúnjẹ ìrànlọ́wọ́, ọkọ̀ òfurufú ológun orílẹ̀-èdè wa ju bọ́ǹbù sí àárín wọn. Àwọn aláṣẹ ní àṣìṣe ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó kú, òṣìṣẹ́ Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Nàìjíríà 6 sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2018, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọlu ìlú kan náà, wọ́n pa òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì kó obìnrin mẹ́ta lọ. Méjì nínú wọn, Saifura Khorsa àti Hauwa Liman, jẹ́ agbẹ̀bí tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Ìgbìmọ̀ Alágbèélébùú Pupa ti Àgbáyé. Wọ́n pa Saifura ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n sì pa Hauwa ní oṣù kẹwàá. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin Nàìjíríà ni wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n sì lọ ṣe ni láti gba ẹ̀bí ìyá ọlọ́mọ.

Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, ìkọlù mìíràn lé àwọn ará Rann sọdá sí Bodo ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Wọ́n dá nǹkan bí 9,000 nínú wọn padà. Kí oṣù náà tó parí, ogun tún dé, nǹkan bí 30,000 ènìyàn sì tún gbé ẹrù sórí, wọ́n tún gba ọ̀nà ààlà lọ.

Òfin àgbáyé ti 1951 àti ti Ilẹ̀ Áfíríkà ti 1969 sọ pé ogunléndé tí ó bá sọdá ààlà kò yẹ ní lílé padà sí ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹni tí kò sọdá, ọwọ́ ìjọba tirẹ̀ ni ó wà. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọba Áfíríkà fi ṣe àdéhùn ní Kampala ní 2009, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i ní 2012. Òfin dára. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà ni, ọmọ kan náà ni ó pọ̀n, ebi kan náà ni ó ń pa á. Ọ̀tọ̀ ni orúkọ tí ìwé ń pè é ní ìhà ìhín ààlà, ọ̀tọ̀ ni ní ìhà ọ̀hún. Níbi tí òfin méjì ti pàdé ni ènìyàn ti sábà máa ń bọ́ sí àárín.

ÌRÀNLỌ́WỌ́ NÍ ÌWỌ̀N

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìrànlọ́wọ́ ni kí a kó nǹkan dà sílẹ̀ kí a sì máa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Sphere, ó sì ní ìwọ̀n fún ohun gbogbo. Omi tí ènìyàn kan yóò mu, tí yóò fi se oúnjẹ, tí yóò fi wẹ̀ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ dín ní lítà 15. Ìyẹn kò kún kẹ́ẹ̀gì kan tí àwọn ọmọ wa fi ń pọn omi! Ènìyàn tí yóò máa lo ẹ̀rọ omi kan kò gbọdọ̀ ju 250 lọ. Àwọn tí yóò máa lo ṣáláńgá kan kò gbọdọ̀ ju 20 lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ìṣirò lásán ni ìwọ̀nyí. Ní oṣù kẹjọ 2017, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ Muna Garage lẹ́bàá Maiduguri, níbi tí ènìyàn ti pọ̀ ju omi mímọ́ àti ṣáláńgá lọ. Kí ó tó rọlẹ̀, àwọn tí ó mú ní Borno ti lé ní 5,000. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní oògùn àjẹsára rẹ̀ ní ẹnu, wọ́n sì ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún àwọn tí ó ti dùbúlẹ̀. Ohun tí ó ń pani nínú àrùn yìí ni gbígbẹ tí ara ń gbẹ. Bí a bá tètè dá omi padà sí ara aláìsàn, ọ̀pọ̀ ni yóò yè.

Ebi náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà Médecins Sans Frontières wọ Bama ní oṣù kẹfà 2016, wọ́n bá nǹkan bí 24,000 ènìyàn ní ọgbà ilé ìwòsàn níbẹ̀, 15,000 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ka sàréè 1,233 tí wọ́n gbẹ́ láàrin ọdún kan. 480 jẹ́ ti ọmọdé. Bama kò ju nǹkan bí 70 kìlómítà lọ sí Maiduguri. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ sàréè wọ̀nyí, ọjà ń ná ní Èkó, a ń ṣe ìgbéyàwó, a ń ṣí ilé. Ẹ̀bi wa kọ́ ni pé a kò gbọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí a ti gbọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera a máa fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọn apá òkè ọmọ tí ó ti tó oṣù 6 títí dé ọdún 5. Bí ìwọ̀n náà bá bọ́ sí ibi pupa, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọmọ náà ti wà ní bèbè ikú. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀: ẹ̀pà ni! Ẹ̀pà lílọ̀ tí a pò mọ́ wàrà gbígbẹ, ṣúgà, òróró àti èròjà aṣaralóore, tí a dì sínú ọ̀rá kékeré. Dókítà ará Faransé kan, André Briend, ni ó ṣe aáyan rẹ̀ ní nǹkan bí 1996. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ omi, kì í tètè bàjẹ́. Ìyá lè fún ọmọ rẹ̀ nílé láìdúró sí ilé ìwòsàn. Oúnjẹ tí a mọ̀ ní oko wa ni ó ń dá ọmọ padà láti ẹnu ibojì.

Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń ra ẹ̀pà. Ní oṣù keje 2025, Àjọ Ètò Oúnjẹ Àgbáyé kéde pé owó ti ń tán lọ́wọ́ òun, àti pé ènìyàn mílíọ̀nù 1.3 ni ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ lè dá dúró fún ní ìhà náà. Àwọn ìjọba òkèèrè tí ó ń dáwó tẹ́lẹ̀ ti fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìsédò Alau ya, omi sì bo apá ńlá nínú Maiduguri, tí àwọn tí ogun ti lé rí tún di ẹni tí omi lé. Ìdí nìyí tí àbá yìí fi wá síwájú wa.

Ọ̀RÀN ILÉ Ẹ̀KỌ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èyí tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ mi. Àjọ UNICEF sọ ní 2017 pé láti 2009, olùkọ́ tí wọ́n pa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn lé ní 2,295. Àwọn tí ó sá fi ilé sílẹ̀ tó 19,000. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bàjẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,400. Ọmọ tí kò kàwé fún ọdún mẹ́ta nítorí ogun, ogun náà kò tíì tán lára rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dákẹ́.

Síbẹ̀, a rí ohun tí ẹnìkan ṣoṣo lè ṣe. Amòfin kan wà ní Maiduguri tí ń jẹ́ Zannah Mustapha. Ní 2007, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Nígbà tí ogun dé, kò tì í. Ọmọ sójà tí ó kú sí ojú ogun àti ọmọ ọlọ̀tẹ̀ tí sójà pa, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni ó jókòó sí. Ó tún wà nínú àwọn tí ó lọ bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dá 21 sílẹ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin Chibok ní 2016, àti 82 ní 2017. Ní 2017 ni àjọ tí ń tọ́jú ogunléndé ní àgbáyé fi ẹ̀bùn Nansen dá a lọ́lá. Kò lọ wá owó sí òkèèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá kan tí ó sá kúrò ní Gwoza, tí ó ń ṣọ́ ilé ní ìlú wa yìí, mú ọmọ rẹ̀ méjì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n béèrè ìwé láti ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ náà ti kúrò. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti jóná. Ta ni yóò kọ ìwé? Odidi sáà kan ni àwọn ọmọ náà fi jókòó sílé, títí olùkọ́ kan fi mú wọn jókòó, tí ó fún wọn ní ìwé kà àti ìṣirò ṣe, tí ó sì fi wọ́n sí kíláàsì tí ó yẹ wọ́n. Ìdánwò náà kò ju wákàtí kan lọ.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

Ìbéèrè kìn-ín-ní: Ṣé kì í ṣe ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́. Kò sọ pé kí a fi ẹ̀ṣọ́ jókòó sílé. Òde ni ó ní kí a kó o lọ. Ìdá kan nínú ogún ni a béèrè. Ìdá mọ́kàndínlógún yòókù ṣì wà fún òrùlé ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè kejì: Kí ni ó kàn wá nínú ọ̀ràn àwọn ará Borno? Ẹ jẹ́ kí á rántí ibi tí a ti wá. Ogun ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí a bí àwọn bàbá wa sí fọ́n Yorùbá káàkiri. Àwọn tí ogun lé ni ó tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣe olórí wọn. Àwọn tí ogun lé láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó wá di ará Modákẹ́kẹ́. Nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní 1862, Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ, àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run Onítẹ̀bọmi sì kó àwọn ọmọ aláìlóbìí rẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n tọ́ wọn. Bí gbogbo ẹni tí ó wà ní ẹnu ibodè nígbà náà bá ti wí pé, "Kí ni ó kàn wá?", díẹ̀ nínú wa ni ì bá jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí.

Ìbéèrè kẹta ni ó le jù: Ṣé owó náà yóò dé ọ̀dọ̀ wọn? Ẹ̀yin tí ẹ béèrè èyí kò ṣẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2017, ọ́fíìsì Adelé Ààrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, àti pé ìròyìn ń sọ pé nínú ọkọ̀ 100 tí wọ́n rán, ó lé ní 50 tí kò dé ibi tí a rán an. Ohun ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n bí olè bá jí iṣu kó nínú oko, àgbẹ̀ kì í torí rẹ̀ pa ebi mọ́ ọmọ rẹ̀. Ọgbà ni ó ń sọ yí oko ká. Nítorí náà, ọgbà ni mo fẹ́ kí á sọ.

ÀBÁ MI

Ní àkọ́kọ́, kí á fi owó ránṣẹ́, kí á má ṣe kó aṣọ òkìrìká tàbí agolo oúnjẹ jọ. Owó ọkọ̀ àti owó àpò láti ìhín dé Maiduguri lè ju iye ẹrù náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wà àti ọkà bàbà wà lọ́jà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní owó. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò ìhà náà yóò sì tún rí owó jẹ.

Ní èkejì, kí owó náà gba ọwọ́ ẹgbẹ́ tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà pẹ́, bí Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Nàìjíríà. Kí Akápò wa gba ìwé ẹ̀rí owó. Kí á sì tẹ iye tí a rán àti ohun tí wọ́n fi í ṣe sínú ìwé ìròyìn yìí ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ìdáhùn kò bá wá, kí á má ṣe rán òmíràn.

Ní ẹ̀kẹta, kí Kábíyèsí àti àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa fi ohùn ṣọ̀kan pé ọmọ tí ogun lé wá sí ìlú yìí kì yóò jókòó sílé mọ́ nítorí ìwé. Kí a dán an wò, kí a sì fi í sí kíláàsì. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ní ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà ní ìlú òkèèrè, ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń pè ní àlejò. Ẹ̀yin ni ẹ súnmọ́ ẹnu àwọn ìjọba tí ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ kọ ìwé sí àwọn aṣòfin tí ó ń ṣojú àdúgbò yín; ẹ sọ fún wọn ní àwọn ìṣirò tí mo kà yìí.

Àti èyí tí ó kẹ́yìn: bí a bá ran ẹni tí ogun lé lọ́wọ́, kí á má ṣe fi àwòrán rẹ̀ ṣe fáàrí. Àgbẹ̀ ni, apẹja ni, ìyá ọlọ́jà ni. Ó ní ilé, ó ní orúkọ, ó ní ọlá kí ó tó di ẹni tí ń tò fún omi. Kò wù ú láti máa jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ títí láé. Ọkọ́, irúgbìn, àwọ̀n ẹja àti ọ̀nà tí ó dá páropáro fún àlàáfíà ni ó ń tọrọ, kí ó lè padà sílé.

Ọ̀gbẹ́ni Alága, mo ti sọ tèmi. Àpótí ìbò wà níwájú. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó fi ọwọ́ yín sí i, kí ẹ ronú lórí lítà omi 15 náà, àti lórí okùn tí a fi ń wọn apá ọmọdé.

Kí Olódùmarè má ṣe fi ogun lé wa kúrò nílé wa. Kí ó dá àwọn tí ogun lé padà sí orí ilẹ̀ bàbá wọn ní àlàáfíà. Kí ìlú wa máa gòkè, kí ẹgbẹ́ wa má tú.